Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Ààbò Aláìsàn?

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní jẹ mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tí kò tí ì dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn rí, ó ní ìyá, tàbí aya, tàbí ọmọ tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí àgbẹ̀ kan ní agbègbè náà bá sá kòkó rẹ̀ gbẹ, tí ó dì í sínú àpò, tí ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra kòkó, ara òṣùwọ̀n ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ó mọ̀ pé bí òṣùwọ̀n bá parọ́, làálàá òun ti di ti ẹlòmíràn. Bákan náà ni ìyá tí ó lọ ra gàárì ní ọjà Ore yóò kọ́kọ́ yẹ ìdí kóńgò wò kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ó mọ̀ pé kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kò lè gba iye gàárì tí ó yẹ kí ó gbà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọjà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè mi lálẹ́ òní ni pé, kí ló dé tí ọgbọ́n yìí fi ń fi wá sílẹ̀ nígbà tí a bá wọ ilé ìwòsàn? A ó mú àṣà tuntun wọlé. A ó kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a ó kéde pé ààbò aláìsàn ti dára sí i. Ẹni tí yóò dìde béèrè pé, "Òṣùwọ̀n wo ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?" kò wọ́pọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, kí ni a ń pè ní ààbò aláìsàn? Òun ni pé kí ẹni tí ó wá gba ìwòsàn má ṣe gba ìpalára kún àìsàn tí ó gbé wá. Kí a má fún un ní oògùn ẹlòmíràn. Kí ó má já bọ́ láti orí ibùsùn. Kí egbò má dá sí i nídìí nítorí pé ó dùbúlẹ̀ pẹ́ sí ojú kan. Kí ọwọ́ tí a fi tọ́jú ẹni kan má kó àrùn ran ẹnì kejì. Kí ìyá tí ó ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ má ṣe ti ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà kú lójú àwọn tí ó yẹ kí ó gbà á là. Nọ́ọ̀sì ni ó sún mọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí jù, nítorí òun ni ó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tọ̀sán tòru.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Florence Nightingale lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì ní ọdún 1854. Àtùpà ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀ tí ó mú jù. Ní ọdún 1858 ó ya àwòrán iye àwọn tí ó kú, ó sì fi hàn pé àrùn tí a lè dènà pa ọmọ ogun ju ọgbẹ́ ojú ogun lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni Olóyè Kofoworọla Àbẹ̀ní Pratt ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó ń ka iye, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò ya kúrò lójú ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Wàyí o, kí ni à ń wọ̀n? Ọ̀mọ̀wé Avedis Donabedian, oníṣègùn tí a bí ní Beirut tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, là á sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọdún 1966. Èkíní ni ohun tí ó wà nílẹ̀: ṣé omi wà, ṣé oògùn wà, ṣé nọ́ọ̀sì pé? Èkejì ni ohun tí a ṣe: ṣé nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ṣé ó yí i padà lórí ibùsùn ní wákàtí tí ó yẹ? Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó tìdí rẹ̀ jáde: ṣé aláìsàn yè, ṣé ó lọ sílé láìní egbò? Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi ìkẹrin kún un, èyí ni ohun tí àtúnṣe wa lè bà jẹ́ níbòmíràn láìjẹ́ pé a fura. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a wọn èkíní, kí a sì kéde ẹ̀kẹta. A ra ìkòkò ìfọwọ́ mẹ́wàá, a sì sọ pé àrùn ti dínkù. Ìkòkò ni a kà. A kò ka àrùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀ràn kan tí ó jẹ mọ́ wa gidigidi, èyí ni ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ. Ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lára ìyá bá tó 500 mìlílítà, ewu ti dé. Báwo ni agbẹ̀bí ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà pípẹ́, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọn a wo aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ rin, wọn a wo ilẹ̀, wọn a sì sọ pé, "Kò pọ̀." Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń bu iye rẹ̀ kù tó.

Ní ọdún 2023, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n pè ní E-MOTIVE. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe é: Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Ilé ìwòsàn bí 80 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n sì bímọ níbẹ̀ lé ní 210,000. Ní apá kan àwọn ilé ìwòsàn náà, wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà rí bí àpò, a sì fa ìlà sí i lára, kí ẹni tí ó bá wò ó lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà, ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé ọmọ sún kì, oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, omi tí a ń fà sára, àti yíyẹ ara ìyá wò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni, wọn kì í dúró wo èyí tí yóò ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mú òmíràn.

Kí ni wọ́n rí? Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá, nínú 100 ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn jù, nǹkan bí 51 péré ni àwọn agbẹ̀bí mọ̀. Níbi tí ọ̀rá ìwọ̀n náà wà, wọ́n mọ 93. Ọ̀ràn tí ó burú, èyí ni kí ẹ̀jẹ̀ tó lítà kan dà, tàbí kí a la ikùn ìyá nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ó kú, jẹ́ 4.3 nínú 100 ní apá àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ 1.6 ní apá kejì. Ẹ rò ó wò! Ní apá àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí kò ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì burú. Ojú wọn ni ó tàn wọ́n, bí kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú ṣe ń tan oníbàárà.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ yára fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rá ni ó gbà wọ́n là. Ní ọdún 2010, ìwádìí mìíràn ti jáde láti orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù. Níbẹ̀, wọ́n fún àwọn agbẹ̀bí ní àpò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò so ètò ìtọ́jú kankan mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ dídà tí ó burú kò dínkù. Ẹ̀kọ́ tí ìwádìí méjèèjì kọ́ wa pa pọ̀ ni pé kí a tó mú òṣùwọ̀n, ó yẹ kí a ti fẹnu kò lórí ohun tí a ó ṣe bí ó bá sọ̀rọ̀. Iye tí a kọ sínú ìwé tí kò sì sí ẹni tí ó dìde nítorí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iye tí a kò kọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí apá ọ̀dọ̀ wa. Àpèjúwe ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìtàn ilé ìlera kan pàtó. Ká ní ilé ìlera kékeré kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ajue, tí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ogún obìnrin sì ń bímọ sọ́dọ̀ wọn lóṣù. Wọ́n fẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́kun. Òṣùwọ̀n wo ni kí wọ́n mú?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ká lára yóò sọ pé kí wọ́n ka iye ìyá tí ó kú. Ó dà bí ẹni pé kò sí èyí tí ó tún lè tọ̀nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ní Nàìjíríà ní ọdún 2020, ìyá bí 1,047 ni ó kú nínú ìbímọ 100,000. Iye náà bani nínú jẹ́ púpọ̀. Síbẹ̀, ogún ìbímọ lóṣù jẹ́ 240 lọ́dún. Bí ilé ìlera yìí bá rí bí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe rí, ikú méjì tàbí mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú lọ́dún yìí, kí mẹ́rin sì kú lọ́dún tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì yí padà rárá. Bí wọ́n bá fi ikú nìkan ṣe òṣùwọ̀n, wọn yóò máa yọ̀ nígbà tí kò sí ohun ayọ̀, wọn yóò sì máa dá ara wọn lẹ́bi nígbà tí wọ́n ń ṣe dáadáa. A kò gbọdọ̀ ṣe aláìka ikú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè sọ fún ilé ìlera kékeré, láàárín oṣù mẹ́ta, bóyá àtúnṣe rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo lè gbà wọ́n níyànjú ni èyí. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀: ọjọ́ mélòó lóṣù ni abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé ọmọ sún kì wà ní ilé ìlera, tí ó sì wà nínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù? Abẹ́rẹ́ tí ooru ti bà jẹ́ kò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ṣe: nínú ogún ìyá tí ó bímọ, ti mélòó ni a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kan ìlà, mélòó ni ó gba ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó sì ni ó gbà? Kí wọ́n ka ohun tí ó tìdí rẹ̀ jáde: ìyá mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lítà kan, mélòó ni wọ́n sì ní láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? Ní ìkẹyìn, kí wọ́n bojú wo ẹ̀yìn. Bí agbẹ̀bí kan ṣoṣo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tí ó ń ṣọ́ ọ̀rá ìwọ̀n, ta ni ó ń nu ọmọ tuntun gbẹ, ta ni ó ń gbé e sí ọmú láàárín wákàtí kan àkọ́kọ́? Bí iye àwọn ọmọ tí ó tètè mu ọmú bá lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé a fi ohun kan gba òmíràn.

Ó sì ku ohun méjì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye wọ̀nyí sílẹ̀ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti gbéra kò lè sọ bí òun ti rìn jìnnà tó. Kí wọ́n sì máa kọ iye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú iye àwọn tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá mẹ́ta nínú ọgbọ̀n àti ìyá mẹ́ta nínú ọ̀ọ́dúnrún kì í ṣe ìròyìn kan náà.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n tí a yàn dáadáa ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù bà jẹ́. Mo mọ ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláìsàn bá ṣubú tàbí bí oògùn bá ṣì. Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n kọ mọ́kànlá. A pe àwọn tí ó kọ ọ́, a bú wọn níṣojú ẹgbẹ́ wọn, a sì gba ìwé àlàyé lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kejì, wọ́n kọ méjì. Ní oṣù kẹta, òfo ni. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́ pé ààbò ti dé. Mo wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí àwọn aláìsàn kò yé ṣubú. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó yé kọ̀wé. Ibi tí ìròyìn ìjàǹbá bá ti pọ̀ lè jẹ́ ibi tí òtítọ́ wà, kì í ṣe ibi tí ewu pọ̀ sí. Nítorí náà, iye ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ dára fún kíkọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò dára láti fi díje tàbí láti fi jẹ ni níyà.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí rí. Ní ọdún 2009, nígbà ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò, ètò Àbíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ. Ní ọdún 2010, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí a máa ròyìn ikú àwọn ìyá, kí a sì máa wádìí rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: bòókẹ́lẹ́. Ìdí rẹ̀ ni kí a lè mọ ohun tí ó fa ikú kí a sì dí ojú ihò náà, kì í ṣe kí a wá ẹni tí a ó so ẹ̀bi mọ́ lọ́rùn. Bí ìyà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òtítọ́ kò ní wọlé.

Kókó tí ó kù fún mi ni pé kì í ṣe gbogbo òṣùwọ̀n tí a ṣe ní ìlú mìíràn ni ó bá wa mu láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì pé bí egbò ìdùbúlẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò pọ́n. Lára ènìyàn funfun ni èyí ti hàn kedere. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn. Ọwọ́ ni a ó fi kàn án láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbóná, bóyá ó le tàbí ó rọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Bákan náà ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé ó tó ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ pé ó dára nígbà tí kò dára fún àwọn aláwọ̀ dúdú, bí a bá fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ funfun. Irinṣẹ́ náà kò mọ̀ pé òun ń parọ́. Àwa tí a ń lò ó ni ó yẹ kí a mọ̀.

Àní ìbéèrè ẹnu lásán náà jẹ́ òṣùwọ̀n, ó sì lè tàn wá. Ẹ lọ bá ìyá àgbà kan lórí ibùsùn, kí ẹ kí i, kí ẹ sì béèrè pé, "Ìyá, báwo ni ara?" Yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ìrora lè máa gún un bí ọ̀bẹ, "A dúpẹ́" náà ni yóò sọ, nítorí ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe ìròyìn àìsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ "kò sí ìrora" sínú ìwé, ẹ̀kọ́ ilé ni ó wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ṣe é rí: "Ìyá, ṣé ẹ sùn lóru àná? Ṣé ẹ lè yíra padà fúnra yín? Ta ni ó fún yín lóògùn láàárọ̀, ṣé ó sì pe orúkọ yín kí ó tó fún yín?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì méjì lè béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì gba ìdáhùn kan náà. Òṣùwọ̀n tí ó bá ń yí padà bí ọwọ́ ṣe ń yí padà kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ tí ẹ gbọ́ pé nǹkan ti dára sí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Kí ni a wọ̀n? Ṣé òun ni ohun tí a fẹ́ mọ̀ lóòótọ́? Ṣé ẹni méjì lè wọ̀n ọ́n kí ó sì dọ́gba? Báwo ni ó ti rí kí a tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò dìde bí iye náà bá burú, ta ni yóò sì jìyà bí ó bá sọ òtítọ́? Bí ọ̀gá kan bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ rántí àgbẹ̀ kòkó wa ní Ajue. Òun kì í tijú láti tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n, kòkó sì ni tirẹ̀. Ẹ̀mí ni tiwa.